Ẹ Má Kó Inú Arúgbó Dànù

Àbúrò kan tó ń ṣí ilé eré ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ẹ̀rọ Space Invaders wá fún mi, irú èyí tí Tomohiro Nishikado ṣe ní Japan ní 1978. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kó inú ẹ̀ dànù, ẹ fi kọ̀ǹpútà sí i.” Mo ní ó tì o!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ọ̀tá 55 ló ń bọ̀ látòkè, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀rọ náà kéré, ẹyọ kan ló lè sún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a ṣe ń pa wọ́n ni ẹrù rẹ̀ ń fúyẹ́, tí àwọn tó kù sì ń sáré sí i. Àìlágbára ẹ̀rọ ló di adùn eré! Kọ̀ǹpútà lè sín in jẹ lóòótọ́, àmọ́ sísínjẹ náà ni.

Mo kọ́kọ́ fa iná tó lúgọ sínú gíláàsì rẹ̀ jáde, torí ó lè gbéni ṣánlẹ̀ bí a tilẹ̀ ti yọ wáyà rẹ̀. Mo pààrọ̀ kapásítọ̀ tó ti gbẹ, mo tún lẹ́ẹ̀dì ibi tó sán jó. Ó tàn! Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀ mọ́, owó ẹyọ ló ń wá kiri àpò.

Àgbà tó ṣì lè ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ó ṣe é.