Régúlétọ̀ Alùpùpù Ìjọ Wa

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá iná alùpùpù wí pẹ̀lú.

Alùpùpù ìjọ wa jẹ́ BSA M20, irú èyí tí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní Birmingham ní 1937, tí a sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1955. Òun ni ó ń gbé wa lọ sí abúlé mẹ́ta fún ìsìn alẹ́ àti ìbẹ̀wò àwọn aláìsàn. Nígbà tí ó yá, gílóòbù rẹ̀ a máa jó, omi bátìrì a sì máa hó títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí ń tún un ṣe wí pé bátìrì ni kí a pààrọ̀. Ìjọ ra tuntun. Kò pé oṣù kan tí òun náà fi bàjẹ́. Nígbà náà ni àwọn ìgbìmọ̀ dá a lábàá pé kí a ta á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin. Bí ó bá lọ, ta ni yóò máa dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó tí kò lè rìn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì?

A tọrọ ọ̀sẹ̀ kan. A yá mítà tí a fi ń wọn iná, a sì fi kan orí bátìrì méjèèjì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bátìrì volt 6 ni. Ó yẹ kí mítà dúró ní nǹkan bí 7 àbọ̀, ṣùgbọ́n ó kọjá 9. Bátìrì kọ́ ni ó jẹ̀bi: a ń bọ́ ọ ju bí inú rẹ̀ ti lè gbà lọ.

Bí ẹ́ńjìnì ti ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná dáínámò ń pọ̀ sí i. Régúlétọ̀ ni ó ń kó o níjàánu. Òun náà ni ó sì ń já ọ̀nà nígbà tí ẹ́ńjìnì bá dúró, kí iná bátìrì má bàa ṣàn padà sínú dáínámò. Àwọn irin kéékèèké tí ń ṣí tí ń pa nínú tiwa ti jó lẹ̀ mọ́ra.

A kọ́kọ́ tú wáyà bátìrì. A so àmì mọ́ wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ara régúlétọ̀: F àti D lọ sí dáínámò, A sí ọ̀nà bátìrì, E sí ara irin alùpùpù. Èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ti òde-òní, tí kò ní irin tí ń ṣí tí ń pa. A wádìí dájú bóyá orí bátìrì tí ó ní àmì + tàbí èyí tí ó ní àmì – ni a so mọ́ ara irin, nítorí bí a bá gbé irú èyí sódì, ojú ẹsẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Nígbà tí a tún wọ̀n ọ́n, mítà dúró ní 7.2, bí a tilẹ̀ mú ẹ́ńjìnì sáré, kò gòkè lọ títí. Alùpùpù náà kò kúrò nínú ìjọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, bátìrì pọ̀ ní ilé-ìwé. Ọmọ kan a máa tòògbé nídìí ìwé, a ó sì pè é ní ọ̀lẹ, láìbéèrè iye igbá omi tí ó ti rù kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí a tó dá ẹni tí ó rẹ̀ lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a wọn ẹrù tí a dì lé e lórí.