Ìwé Ìrìnnà Inú Tòbí

Ní oṣù yìí, n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ oúnjẹ tàbí ti aṣọ rírán gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun kan ni mo fẹ́ sọ, tí ó dúró sójú kan fún nǹkan bíi wákàtí méjì ní èbúté òkèèrè, tí ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan kò lè sọ̀ kalẹ̀, nítorí ìwé ìrìnnà ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni náà ni ìyá tí ó bí ọkọ mi. Kí ẹ má baà rò pé mo ń tú àṣírí ilé ọkọ mi síta, Màmá fúnra wọn ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. "Kọ ọ́," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n bí o bá ti ń kọ èyí tí mo ṣe, kọ èyí tí ìwọ náà ṣe mọ́ ọn." Mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2024, àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, kó owó jọ, ó ní kí Màmá wá wo ayé díẹ̀ kí orúnkún tó kọ̀ fún wọn. Ìbàdí-àrán ni mo ń pè é, nítorí ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọmọ ilé ọkọ lórí. Ó ní kí èmi bá Màmá wá, kí n sì gbé Àyọ̀, àbíkẹ́yìn mi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì, dání; ọkọ mi yóò dúró ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan ni a ó wọ̀ ní Piraeus, èbúté ìlú Áténì ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ìrìn àjò náà, láti erékùṣù dé erékùṣù. Màmá kò bìkítà fún ìyókù. Ibi méjì ni ọkàn wọn wà: Éfésù, tí ó wà ní ilẹ̀ Tọ́kì lónìí, àti Pátímọ̀, erékùṣù tí a ní Jòhánù ti rí ìran inú ìwé Ìfihàn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Màmá ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú àwòrán nìkan ni wọ́n ti rí ihò inú àpáta náà rí.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni bí a ti ń ṣètò ilé, bí a ti ń ṣètò owó, bí a ti ń ṣètò àkókò. Ẹ ò bá rí àpò tí mo dì! Bísíkíìtì Àyọ̀ wà nínú rẹ̀, aṣọ ìpààrọ̀ mẹ́ta, oògùn ibà, ìgò omi. Lẹ́tà tí ọkọ mi fọwọ́ sí wà níbẹ̀, pé òun mọ̀ sí i pé mo gbé ọmọ rìn. Ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó wa náà kò gbẹ́yìn, nítorí orúkọ bàbá mi ni ó wà lára ìwé ìrìnnà mi, orúkọ ọkọ mi ni ó sì wà lára ti ọmọ. Ẹ má ṣe fojú kéré irú nǹkan wọ̀nyí bí ẹ bá ń dá gbé ọmọ kọjá ibodè.

Ọ̀rọ̀ físà tún wà, èyí tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń lo páásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé wa mọ̀ dájú. Físà kan náà ni orílẹ̀-èdè 29 ní Yúróòpù ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Schengen. Gíríìsì wà nínú wọn. Tọ́kì kò sí. Bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Gíríìsì lọ sí Tọ́kì, ẹ ti jáde nìyẹn. Bí ó bá sì padà sí Gíríìsì lọ́jọ́ kan náà, ẹ tún ń wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni. Ẹni tí wọ́n fún ní físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ti kó sí wàhálà láìmọ̀. Tiwa jẹ́ ti ìwọlé léraléra, mo ti rí sí ìyẹn láti Nàìjíríà.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Ó kéré tán, wákàtí 24 kí ọkọ̀ tó dé èbúté, ọ̀gá ọkọ̀ yóò ti fi orúkọ gbogbo ènìyàn inú rẹ̀, èrò àti òṣìṣẹ́, ránṣẹ́ sí ìjọba ibẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dé láti orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú Schengen, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè wọ inú rẹ̀ láti yẹ ìwé wò, pàápàá ìwé àwa tí a kì í ṣe ará Yúróòpù. Bí iye ìwé kò bá bá iye orúkọ mu, ìdúró dé. Kì í ṣe èèyàn dúdú nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2011, ọkọ̀ kan tí ó kó àwọn ará Bírítéènì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà, gúnlẹ̀ sí Los Angeles ní Amẹ́ríkà, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ wọn sì ròyìn pé ó tó wákàtí méje kí àyẹ̀wò ìwé tó parí. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí ojú ń tì mí sí ní ọjọ́ náà kò tó ohun tí ó yẹ kí ojú tì mí sí.

Nígbà tí a wọ ọkọ̀ ní Piraeus, ọmọbìnrin kan ní ibi ìgbàlejò ní kí a fi ìwé ìrìnnà wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn títí ìrìn àjò yóò fi parí. Àṣà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè rí gbogbo rẹ̀ lójú kan. Mo fi tèmi àti ti Àyọ̀ lé e lọ́wọ́. Màmá ní tiwọn wà ní ìsàlẹ̀ àpótí, pé kò yá ní yíyọ. Ọmọbìnrin náà ní kò burú, kí a ṣáà mú un wá kí ọkọ̀ tó kúrò ní Tọ́kì. Ìbàdí-àrán rò pé èmi ti mú un lọ. Èmi rò pé òun ni ó ti mú un lọ. Ẹ mọ bí nǹkan ilé ti ń rí.

Éfésù dùn. Kuşadası ni ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí, a wọ bọ́ọ̀sì láti ibẹ̀. Màmá jókòó lórí òkúta ní gbọ̀ngàn ìwòran ńlá àtijọ́ náà, wọ́n bọ́ bàtà wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn kan ilẹ̀ ibẹ̀. Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀ lọ́sàn-án, oòrùn ti lu èmi àti Àyọ̀ pa, oorun sì gbé wa lọ.

Orúkọ ọkọ mi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń pè ní òdìkódì ni ó jí mi. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n pè é, ni Ìbàdí-àrán wí, bí ó ti já wọlé. A ti dé iwájú Pátímọ̀. Ọkọ̀ ti sọ ìdákọ̀ró, àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí yóò kó èrò lọ sí èbúté Skala ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà tí wọ́n tò sórí tábìlì, ìwé kan sì dín. Mo sáré jáde. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó kún fún èrò tí wọ́n ti dé fìlà, tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ọkùnrin kan wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo aago náà.

Màmá ti ti ilẹ̀kùn yàrá wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí i fún mi, wọ́n jókòó sí etí ibùsùn, wọ́n ti múra tán, gèlè wọn wà lórí. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìhà wọn mú, mo sì mọ ohun tí ó wà níbẹ̀: tòbí tí wọ́n fúnra wọn rán, tí àpò rẹ̀ ní bọ́tìnnì méjì.

"Màmá," ni mo wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín mú ìwé yẹn lọ."

"Wọ́n ti rí i ní Piraeus kí a tó wọlé. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe?"

Mo ṣàlàyé. Mo tún un ṣàlàyé. Ẹ̀rọ tún pe orúkọ. Ni èmi, ìyàwó tí ó kàwé, bá gbé ohùn sókè sí ìyá ọkọ mi: "Ẹ ń dójú tì wá! Gbogbo ọkọ̀ ni ó ń dúró dè wá, ẹ ń dójú tì wá lójú àwọn ènìyàn!" Àyọ̀ bú sẹ́kún. Ìbàdí-àrán náà sọ èyí tí ó burú jù tèmi lọ. N kò ní kọ ìyẹn, ó di ọwọ́ òun àti ìyá rẹ̀.

Màmá kò bínú. Ìyẹn gan-an ni ó já mi láyà. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹni tí ó gba ìwé bàbá mi náà ní òun yóò dá a padà."

Ọmọ ọdún méjìlá ni wọ́n ní Kùmásì ní ọdún 1969. Bàbá wọn ń ta abọ́ àti ìkòkò níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò ti ń ṣòwò ní Gánà nígbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù November ọdún náà, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbé gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kúrò. Ẹnì kan tí ó ní òun mọ àwọn ará ọ́fíìsì gba ìwé bàbá Màmá àti owó, pé òun yóò bá a ṣe é. Ojoojúmọ́ ni bàbá náà ń lọ dúró níwájú ilé ọkùnrin yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ọkùnrin náà kò sí, ìwé kò sí. Ọjọ́ tí wọ́n kó sínú lọ́rì, ẹ̀wà ń bẹ lórí iná. Ìyá wọn ní kí wọ́n má pa iná náà, bóyá aládùúgbò yóò rí i jẹ. Wọ́n gba Tógò àti Dàhómì délé. Àwọn abọ́ inú ṣọ́ọ̀bù ṣẹ́kù sí Kùmásì. "Bàbá mi kò tún ta nǹkan kan mọ́ títí ó fi kú," ni Màmá wí. "Ó ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Bí o bá bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é, yóò ní ìwé òun ni òun ń dúró dè."

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà ní ilé yìí. N kò gbọ́ ọ rí. Mo ti kà nípa àṣẹ yẹn ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo tilẹ̀ mọ̀ pé àwa náà lé àwọn ará Gánà kúrò ní Nàìjíríà ní January 1983. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo wá rántí pé nígbà tí ọkọ mi mú ìwé Màmá lọ fún físà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi wà lọ́hùn-ún ni wọ́n fi gbààwẹ̀. A rò pé físà ni wọ́n ń bẹ Ọlọ́run fún. Gbogbo ohun tí ó wà nínú àpò ìrìn àjò mi, n kò fi ìbéèrè kan ṣoṣo kún un: "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n mú ìwé yín lọ́wọ́ yín?"

Ohun tí a ṣe kò le rárá. Mo lọ bá ọmọbìnrin ibi ìgbàlejò, mo ní ìyá yìí yóò mú ìwé rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, yóò dúró níbẹ̀, yóò sì gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Ó lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ náà, wọ́n ní kí ó máa bọ̀. Màmá rìn kọjá láàárín èrò pẹ̀lú gèlè wọn, wọn kò wo ọ̀tún, wọn kò wo òsì. Wọ́n yípadà sí ògiri, wọ́n tú bọ́tìnnì, wọ́n yọ ìwé. Òṣìṣẹ́ náà wo ojú wọn, ó wo ìwé, ó lu òǹtẹ̀, ó na ìwé padà sí wọn. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Láti October 2025 ni àwọn orílẹ̀-èdè Schengen ti bẹ̀rẹ̀ sí fi àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà rọ́pò òǹtẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ti Màmá wà níbẹ̀ ketekete.

Ìdúró náà ti jẹ wá lákòókò. Nígbà tí ọkọ̀ kékeré fi gbé wa dé Skala, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn bọ́ọ̀sì tí ó yẹ kó wa lọ ti fagi lé e, wọ́n sì ní ihò náà ti tì. Ó wà lójú ọ̀nà òkè, láàárín èbúté àti ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1088. Àjọ UNESCO ti kọ wọ́n mọ́ ibi àjogúnbá ayé láti 1999. Láti ìsàlẹ̀, iná tí ó tàn lórí òkè nìkan ni a rí. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ lórí òkúta èbúté, mo bẹ Màmá. Wọ́n ní kí n dìde, pé aṣọ mi yóò dọ̀tí. Wọ́n bi mí pé ibo gan-an ni ihò náà wà, mo nawọ́ sí ibi tí mo rò, wọ́n sì dúró wò ó títí wọ́n fi pè wá padà sínú ọkọ̀. Ìbàdí-àrán di ọwọ́ wọn mú, kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a délé, mo ní ó yẹ kí a ṣe fótókọ́pì ojú ìwé tí àwòrán wà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọkọ mi, kí ọ̀kan wà nínú àpótí, kí ọ̀kan sì wà lọ́dọ̀ Ìbàdí-àrán. Mo kọ́kọ́ bi Màmá léèrè báyìí. Wọ́n rò ó fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tú bọ́tìnnì tòbí, wọ́n fi ìwé náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n sì wọ bàtà wọn. A jọ rìn dé ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin tí ó ń ṣe fótókọ́pì ní ìkángun àdúgbò wa. Ó gbé àga fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó. Wọ́n dúró ti ẹ̀rọ náà títí ó fi dákẹ́.