Ogún Inú Agboolé: Bí A Ṣe Ń To Ojú Ọ̀nà ní Clojure

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin èèyàn wa, àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá náà ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Oríkì ló sún wa débẹ̀. Àwọn àgbà kan tí a gba ohùn wọn sílẹ̀ ní kí gbogbo ayé gbọ́ tiwọn. Àwọn kan ní ti ilé àwọn kò gbọdọ̀ kọjá etí ọmọ ilé. A sì ṣèlérí.

Clojure ni a fi ń kọ ètò náà, èdè tí Rich Hickey gbé jáde ní ọdún 2007. Reitit ni a fi ń to ojú ọ̀nà rẹ̀, bí ẹni ń kọ́ agboolé. "/oriki" ni ẹnu ọ̀nà. "/Gbangba" àti "/ile" ni yàrá inú rẹ̀. Ohun tí a bá so mọ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo yàrá ló jogún un. Bí òbí àti ọmọ bá ní ètò ẹlẹ́yọ kan kan náà, ti ọmọ ló borí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àtòkọ bíi middleware, ìyẹn àwọn aṣọ́nà, ti òbí á ṣíwájú, ti ọmọ á tẹ̀lé e.

Ibo wá ni ká fi aṣọ́nà sí? Àwọn kan nínú wa ní "/ile" nìkan, torí gbangba kò nílò kọ́kọ́rọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a bá gboyè, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa gba iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá kọ́ yàrá tuntun, tí wọ́n gbàgbé kọ́kọ́rọ́, oríkì olóríkì ti dọjà nìyẹn.

A fi aṣọ́nà sẹ́nu ọ̀nà. Yàrá tuntun yòówù, títì ni a ó bá a. "/gbangba" nìkan ni a kọ ^:replace sí, kí ó má bàa jogún. Ìyẹn náà ní owó tirẹ̀: gbogbo aṣọ́nà òbí ló ń lé lọ, a sì ní láti tún ka àwọn tí a ṣì fẹ́ síbẹ̀. A fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, kó kọ ọ́ síbi tí gbogbo wa á ti rí i.

Reitit máa ń ṣírò ogún yìí tán nígbà tí ètò bá ń dìde, kó tó di pé àlejò kan kanlẹ̀kùn. Nítorí náà, a máa ń tẹ àtòkọ gbogbo yàrá jáde, ká wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jogún, ká tó gbé oríkì tuntun sí i. Àwọn àgbà yẹn kò mọ Clojure. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni wọ́n gbà gbọ́.