Aṣọ Ẹnu Ọ̀nà

Bí ènìyàn bá ti gba orí afárá odò Kaduna kọjá sí ìhà gúúsù, tí ó sì forí lé ọ̀nà Kakuri ní ìgbà tí oòrùn kan àtàrí, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Makera, èyí tí í ṣe orúkọ àwọn alágbẹ̀dẹ lédè Hausa. Bí mo sì tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti inú oyún, n kì í wọ ibẹ̀ kí ọkàn mi má sáré lọ bá Ògún lákáayé, ẹni tí ó fi àdá lànà fún àwọn òrìṣà tí ó kù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin ni ó ń gbé mi lọ sí Makera. Ikùn ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, èmi sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kò lè sun oorun ọ̀sán bí wọn kò bá tíì jẹun ní ibi tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n.

Ilé oúnjẹ tí mo ń wí yìí kò ní pátákó kankan lójúde. Búkà ni, ọ̀rọ̀ Hausa tí àwa Yorùbá yá tí a kò sì dá padà mọ́, bí a ti ṣe sí ọ̀pọ̀ nǹkan tí a yá lọ́wọ́ wọn. Ògiri rẹ̀ kò ga, páànù orí rẹ̀ ti pọ́n bí ìgbà tí wọ́n fi osùn kùn ún, bẹ́ńṣì méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀, àárín àwọn bẹ́ńṣì náà sì ti tẹ̀ bí ẹ̀yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí ìdí àwọn tí ó ti jókòó lé e. Ní ẹnu ọ̀nà ni aṣọ kan wà, tí wọ́n fi okùn ta sókè, tí ẹni tí ń wọlé gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó tó rí inú ilé. Bàfù ni aṣọ náà nígbà kan, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ń hun láìpa á láró. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó ti ní àwọ̀ tirẹ̀ tí n kò lè fún ní orúkọ, nítorí èéfín, epo pupa àti ọwọ́ ènìyàn ti parapọ̀ di aró fún un. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà; aṣọ yìí ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí òwe náà yé mi.

Ìyá tí ó ni búkà náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọmọ Ọ̀fà ni, ìlú tí ìjàkadì jẹ́ orò rẹ̀, ọkọ rẹ̀ tí ó ti dolóògbé sì jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n gbé wá sí Kaduna. Màmá ni gbogbo ayé ń pè é, àti Hausa, àti Yorùbá, àti Ìgbò. Mùsùlùmí ni, kì í ta ọtí, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n mu ún lójú òun. Àmàlà ni iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú èlùbọ́ tí wọ́n ń kó wá láti ìhà Ṣakí, ewédú, gbẹ̀gìrì, àti ọbẹ̀ ata tí ẹran inú rẹ̀ kò kéré, nítorí ó gbà pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, ẹni tí kò bá fẹ́ náwó kó má ṣe gbé ìkòkò kaná.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Káàsán o, ọmọ mi. Ará ilé ńkọ́? Jókòó, ó ti jinná."

Kì í béèrè ohun tí n óò jẹ. Òkèlè méjì ni, pọ̀nmọ́ kan, láìsí gbẹ̀gìrì, nítorí ẹ̀wà kì í bá ikùn mi gbé. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo sọ èyí fún un, ó ti tó ogún ọdún.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ nípa obìnrin yìí ni aago rẹ̀. Lójoojúmọ́, àmàlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò lórí iná kí aago méjì ọ̀sán tó lù, tí èrò bá wà, tí èrò kò bá sì sí. N kò mọ ìdí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí bàbá kan tí ó máa ń jókòó sí igun bẹ́ńṣì ṣàlàyé fún mi pé aago méjì ni àwọn tí ó wọ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní aago mẹ́fà àárọ̀ ń jáde, tí àwọn ti ọ̀sán sì ń wọlé, tí àwọn wọ̀nyí náà yóò sì jáde ní aago mẹ́wàá alẹ́ fún àwọn ti òru. Ebi ń pa ẹni tí ń jáde, ebi ń pa ẹni tí ń wọlé, Màmá sì wà láàárín wọn pẹ̀lú omorogùn rẹ̀. Fèrè ilé-iṣẹ́ tí ó ń fọn nígbà náà ti dákẹ́ ọjọ́ ti pẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé ó ti dákẹ́.

Bí ẹ bá bi í ní ọdún tí ó dá ilé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, kò ní dárúkọ ọdún kankan fún yín. Yóò ní, "Ìgbà tí Sardauna ṣì wà láyé," tàbí, "Ṣáájú ogun." Ẹ̀yin ni yóò kù fún láti fi ọdún àwọn ilé-iṣẹ́ ṣírò rẹ̀. Ní ọdún 1957 ni wọ́n dá Kaduna Textiles sílẹ̀ ní Kakuri láti máa sọ òwú ilẹ̀ Àríwá di aṣọ. Ní ọdún 1963 ni ilé ìpọntí Nigerian Breweries ṣí ẹ̀ka rẹ̀ ní Kaduna. Ní 1964 ni United Nigerian Textiles dé. Arewa Textiles náà sì wà lára wọn, èyí tí àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Jàpáànì bá ìjọba Àríwá dá owó sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ṣí wá láti ìlú gbogbo nítorí iṣẹ́ wọ̀nyí, a kò sì rí ọkùnrin tí ó bá iṣẹ́ wá tí ó gbé ìyàwó rẹ̀ dání lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ibẹ̀ ni búkà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Kaduna Textiles ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2002, tí United Nigerian Textiles tẹ̀lé e ní 2007 kí ó tó tún ṣí lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọ̀pọ̀ búkà ni ó bá wọn lọ.

Ẹ̀rí mìíràn wà lára ògiri Màmá. Lẹ́yìn bẹ́ńṣì kejì, níbi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ óò rí àwọn ìlà tí wọ́n fi èédú fà, mẹ́rin-mẹ́rin, tí ìkarùn-ún dábùú wọn. Àwìn ni. Òpin oṣù ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sanwó, bí wọ́n bá sì ti san án, Màmá a fi omi àti kànìnkànìn nu ti olúwarẹ̀ kúrò. Èyí tí ó ṣẹ́ kù, ti àwọn tí oṣù wọn ìkẹyìn kò dé ọwọ́ wọn ni. Mo kà wọ́n lọ́jọ́ kan títí mo fi dé ogójì ó lé méjì, ó sì bínú sí mi pé kí ni mo ń ka gbèsè olóògbé sí. Wọ́n ti kun ògiri tí ó kù lẹ́fun lẹ́ẹ̀mejì. Wọn kò fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀.

Bàbá igun bẹ́ńṣì tí mo wí lẹ́ẹ̀kan yìí, àwọn ará Jàpáànì ni ó bá ṣiṣẹ́. Ó ní ọ̀gá òun kan tẹ̀lé òun wá sí búkà yìí rí, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di aṣọ náà mú láàárín ìka méjì bí ẹni tí ń yẹ ìhunṣọ wò, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Òyìnbó kúkú kọ́ ni, ó ní. Òyìnbó ìbá ti wọ́ ọwọ́ rẹ̀ padà. Ọ̀gá náà ní ní ìlú àwọn, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé oúnjẹ tí ó dára, nítorí pé láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá jẹun tán a máa fi aṣọ ẹnu ọ̀nà nu ọwọ́ rẹ̀ bí ó ti ń jáde, nítorí náà, ibi tí aṣọ bá ti dọ̀tí jù ni èrò ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sinmi. N kò dé Jàpáànì rí, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé kà nípa rẹ̀. Noren ni wọ́n ń pe aṣọ náà. Bí ó bá wà lókè, ilé oúnjẹ ṣí. Bí wọ́n bá ká a wọlé, ó di ọjọ́ kejì. Ilé ọtí wọn tí wọ́n ń pè ní izakaya, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ kò jù ilé ọlọ́tí tí a ń jókòó sí lọ, nítorí pé ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí Tokyo ṣì ń jẹ́ Edo, ìwọ̀n ni ọlọ́tí ń wọn ọtí ìrẹsì fún oníbàárà kí ó gbé e relé, kí ó tó di pé àwọn kan kò lè mú sùúrù délé, tí wọ́n jókòó mu ún síbẹ̀, tí ọlọ́tí sì wá nǹkan ìpanu díẹ̀ sí i. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Àìlèmú-sùúrù ọ̀mùtí ni ó bí gbogbo rẹ̀, bíi ti wa náà. Ní agbègbè Asakusa ní Tokyo, ilé oúnjẹ kan wà tí ń jẹ́ Komagata Dozeu, ó ti wà láti ọdún 1801, ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń gbé inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń sè níbẹ̀ nínú agbada irin pẹlẹbẹ lórí èédú, pẹ̀lú ewé àlùbọ́sà rẹpẹtẹ lórí rẹ̀, ilẹ̀ ni oníbàárà sì ń jókòó sí. Nígbà tí iná jó ilé náà ní 1806, onílé yí bí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹja náà padà kúrò ní àmì mẹ́rin sí mẹ́ta, nítorí wọ́n gbà pé iye tí ó bá pín sí méjì dọ́gba kì í bá oríire rìn, àmì mẹ́ta náà ni ó sì wà lára aṣọ ẹnu ọ̀nà wọn títí di òní.

Ó tún ku ọ̀kan tí mo kà. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá ti sin ọ̀gá rẹ̀ pẹ́, tí ó sì mọ iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ lè fún un láṣẹ kí ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ ilé náà. Pípín aṣọ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń pe èyí.

Mo mọ̀ pé òǹkàwé kan yóò ti máa retí kí n dé ilé ọtí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún pásítọ̀ mi. Ẹ̀yìn búkà Màmá, bí a bá gba ojúlé mẹ́rin kọjá, ni ilé ọlọ́tí bùrùkùtù wà, obìnrin Bajju láti gúúsù ìpínlẹ̀ Kaduna ni ó ni ín, èdè Hausa sì ni àwa méjèèjì fi ń kí ara wa. Iṣẹ́ ńlá ni bùrùkùtù. Yóò rẹ ọkà bàbà sínú omi mọ́jú, yóò dà á sórí ewé títí yóò fi hu, yóò sá a gbẹ, yóò lọ̀ ọ́, yóò pò ó mọ́ omi, yóò sì bu gàrí sí i, yóò wá fi í sílẹ̀ kí ó kan, kí ó tó sè é, kí ó sì tún fi í sílẹ̀ kí ó pọ́n. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, bí ó bá sì ti pọ́n tán, ọjọ́ méjì péré ni ó ní láti fi tà á kí ó tó di ọtí kíkan. Igbá ni wọ́n fi ń mu ún. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mu, yóò gbé igbá fún ẹni tí ó jókòó tì í, wọn kò sì ní bi ara wọn ní orúkọ. Ó nípọn, ó rí bí ògì tí eérú bọ́ sí, ó kan díẹ̀ lẹ́nu, ó sì máa ń mú kí ọ̀rọ̀ rọrùn.

Lẹ́yìn ìjà ẹ̀sìn oṣù Èrèlé ọdún 2000, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ṣí lọ sí òkè odò, tí ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì ṣí wá sí ìsàlẹ̀, àwọn kan ní kí Màmá kó lọ. Kò lọ. Obìnrin Bajju náà ni ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ Màmá pamọ́ sáàárín àwọn ìkòkò ọtí tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Màmá a máa sọ èyí pẹ̀lú ojú líle, nítorí ó ní fún oṣù kan lẹ́yìn náà, òórùn bùrùkùtù kò kúrò lára ìkòkò òun.

Oṣù tí ó kọjá ni mo tún lọ. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo na ọwọ́ bí ìṣe mi láti gbá aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ mi sì kan ike tútù. Kọ́tìnnì tuntun ni, ó ní òdòdó pupa, ó ń dán, ó sì ń pariwo wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ẹ. Inú mi kò dùn. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí ìyá, mo sì bi í léèrè pé níbo ni aṣọ wa wà.

Kò dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀, nítorí aago méjì kù díẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú iná, ó sì di etí ìkòkò àmàlà mú ní ọ̀tún àti ní òsì láti sọ ọ́ kalẹ̀, mo wá rí ohun tí ó fi di í mú, tí ó ṣẹ́ po sí mẹ́rin, tí àwọ̀ rẹ̀ kò ní orúkọ.

"Ó ti ya ni," ó ní. "Mo gé e sí méjì."

"Ìdajì kejì ńkọ́, Màmá?"

"Ọmọ tí ó bá mi rokà fún ọdún mọ́kànlá, tí ó lọ ṣí tirẹ̀ ní Sabon Tasha. Òun ni ó tọrọ rẹ̀. N kò mọ ohun tí ó fẹ́ fi àkísà ṣe."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró rẹ̀, ó sì gbé àwo kalẹ̀ síwájú mi: òkèlè méjì, pọ̀nmọ́ kan, kò sí gbẹ̀gìrì.