Aáyán Abẹ́ Síńkì

Nígbà tí òru bá ti jìn, tí ayálégbé tó kẹ́yìn ti pa iná sítóòfù rẹ̀, tó ti dé ìkòkò ọbẹ̀, tó sì ti fa ilẹ̀kùn páànù ilé ìdáná àjùmọ̀lò náà dé, ìgbà náà ni ọjà àwọn mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ná níbẹ̀. Ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́ lókùnkùn yóò gbọ́ ọ: ìró fẹ́ẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́, lórí ìwé ìròyìn tí wọ́n tẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìró wẹ́wẹ́ nínú àpò gàrí tí wọn kò so lẹ́nu, omi tó ń kán tó, tó, tó láti ẹnu ẹ̀rọ sínú síńkì. Bí ó bá wá tan tọ́ọ̀ṣì lójijì, ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú yóò gbéra. Gbogbo àbàwọ́n pupa rúsúrúsú tó wà lára rẹ̀ yóò fọ́n ká wìrìwìrì, àwọn kan sókè sí àjà, àwọn kan sísàlẹ̀ sẹ́yìn garawa, àwọn kan sínú ìlà dúdú tó wà láàárín síńkì àti ògiri, títí yóò fi ku ẹyọ kan ṣoṣo tí ìmọ́lẹ̀ ká mọ́ etí ọlọ, tó dúró pa, tó ń fi ìwo méjèèjì wá inú afẹ́fẹ́ kiri.

Aáyán ńlá ni èyí, Periplaneta americana, ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà tó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà, tó sì ti di onílé káàkiri ilẹ̀ olóoru. Gígùn ara rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 4. Bí a bá ń wò ó láti òkè, a kò ní rí orí rẹ̀, nítorí apata líle kan tó rí roboto níwájú, tó sì fẹ̀ lẹ́yìn, nà bò ó. Àwọ̀ ìyeyè ló yí etí apata náà ká, àbàwọ́n pupa dúdú méjì sì fara ti ara wọn láàárín rẹ̀. Abẹ́ apata yìí ni orí wà, ó kéré, ó tẹ̀ wálẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀. Ojú méjì, dúdú, dídán, lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ àkójọ ojú bíńtín-bíńtín tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Nísàlẹ̀ ojú, ọwọ́ ẹnu mẹ́rin ń tọ́ ọlọ wò: wọ́n á kan òkúta, wọ́n á gbéra, wọ́n á tún kan án, kí eyín tó ń ṣí sọ́tùn-ún sósì, tí kì í ṣí sókè sódò, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ìyókù ata tó ti gbẹ mọ́ ojú òkúta.

Ìwo rẹ̀ ni kì í sinmi. Ó gùn ju gbogbo ara lọ. Ó nípọn díẹ̀ ní ìdí, ó sì ń tín-ín-rín lọ títí ṣóńṣó rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé rí mọ́, oríkèé kéékèèké tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló so pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀tún ń lọ sókè, òsì ń lọ sílẹ̀. Ọ̀tún kan ìdí ìkòkò, òsì ń gbóòórùn afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Láàárín iṣẹ́, yóò fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ ọ̀kan wálẹ̀, yóò kì í bọ ẹnu, yóò sì fà á láti ìdí dé ṣóńṣó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìkánjú, kí ó tó dá a padà sókè ní mímọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ó kan ẹsẹ̀. Yóò fi ẹnu gba oríkèé kọ̀ọ̀kan, yóò lá eruku kúrò láàárín èékánná, yóò sì gbé ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ kí ó tó mú òmíràn. Ẹni tó ń fi ìgbọ̀nsẹ̀ inú ṣáláńgá ṣe ọ̀nà ìrìnnà, tó sì ń ti ibẹ̀ wá sórí àwo oúnjẹ, kì í fẹ́ kí ìdọ̀tí kankan pẹ́ lára òun.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Apá mẹ́rin ló kó jọ síbẹ̀, méjì lórí méjì. Ti òde le díẹ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, iná tọ́ọ̀ṣì sì ń là á kọjá ní etí; iṣan wẹ́wẹ́ fọ́n ká gbogbo ojú rẹ̀, ti òsì sì gorí ti ọ̀tún díẹ̀. Ti inú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó mọ́ gaara, ó sì ká jọ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po sábẹ́ ti òde. Apá akọ gùn kọjá ìdí rẹ̀, ti abo kò kọjá ìdí. Ní alẹ́ tí ooru bá mú, tí òjò ń ṣú tí kò tíì rọ̀, yóò ṣí wọn lójijì, fìrìrìrì, yóò fò wọ́gọwọ̀gọ la àárín ilé ìdáná kọjá, yóò lu ògiri, pà!, yóò sì jábọ́ sí ọrùn ẹni tó ń ro àmàlà, ariwo yóò sì sọ. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan tó bo gbogbo ara rẹ̀ ló ń mú un dán yinrin, òun náà ni kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ.

Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló gbé ara náà, gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀gún mímú tò sí wọn lára láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, èékánná méjì-méjì sì ṣẹ́ kọ́dọ́rọ́ lẹ́nu wọn. Bí ó bá ń sáré, mẹ́ta ń kan ilẹ̀, mẹ́ta ń gbéra: iwájú àti ẹ̀yìn lápá kan pẹ̀lú àárín lápá kejì, wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn kíákíá débi pé ojú kì í rí ẹsẹ̀ mọ́, àfi ara pẹlẹbẹ tó ń yọ́ lọ lórí sìmẹ́ńtì. Eré rẹ̀ lè tó mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá wá sá dé ògógóró eré náà, àyà rẹ̀ yóò gbéra nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì nìkan ni yóò sì kù tó ń gbé e lọ, kò yàtọ̀ sí ènìyàn.

Ní ìdí rẹ̀, ìwo kúkúrú méjì mìíràn nà sẹ́yìn, irun wẹ́wẹ́ kún abẹ́ wọn bámúbámú. Afẹ́fẹ́ tí sálúbàtà ń tì síwájú bó ti ń já bọ̀ ni irun yìí ń mọ̀ lára. Kí ọwọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ tán, aáyán ti yí ara padà, ó ti lọ. Ìró tó máa ń tẹ̀lé e, sálúbàtà lórí ilẹ̀ òfìfo, kò ṣàjèjì sí ayálégbé kankan.

Ibi tó sá lọ kò jìnnà. Aláǹgbá nìkan kọ́ ni ògiri ń lanu fún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, níbi tí sìmẹ́ńtì ti sán, àlàfo kan wà tí gíga rẹ̀ kò ju mìlímítà 3 lọ, aáyán sì ga ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ níbi tó dúró. Ìwo ló kọ́kọ́ wọlé. Orí tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ iwájú di etí àlàfo mú, apata ọrùn tẹ̀, àwọn ègé ikùn yọ́ gorí ara wọn, ikùn náà sì tẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nà gbọọrọ, wọ́n ń taari, apá ha ara sìmẹ́ńtì, ṣàà, ìdí parẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Nínú òkùnkùn ibẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan òkè, ikùn rẹ̀ kan ilẹ̀, ìgbà tí ògiri bá fún un lókè nísàlẹ̀ báyìí ni ìwo rẹ̀ tó ń rọlẹ̀.

Kò nìkan wà níbẹ̀. Ìgbẹ́ dúdú wẹ́wẹ́ ti to jọ sí etí àlàfo, òórùn kan sì ń ti inú rẹ̀ jáde, ó wúwo, ó tutù, ó ní ọ̀rá, ẹni tó bá ti gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Òórùn ìgbẹ́ yìí ló ń pe àwọn yòókù wálé. Wọ́n to ara wọn, àgbà pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì ní apá, ìwo ń kan ìwo. Láàárín wọn, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ: ó funfun báláú, ó rọ̀, ojú rẹ̀ nìkan ló dúdú, òfìfo awọ rẹ̀ àtijọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹsẹ̀-tẹsẹ̀, ó sán gbọọrọ lẹ́yìn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, funfun náà yóò ti pọ́n, yóò sì ti le. Lára igi kọ́bọ́ọ̀dù, àpò ẹyin lẹ̀ mọ́ ìkọ̀rọ̀. Ó le, ó pọ́n dúdú, ó rí gẹ́lẹ́ bíi hóró ẹ̀wà pupa, ìlà fíńfín kan tó ní eyín wẹ́wẹ́ sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti ṣí nígbà tí ọmọ bíi 15 bá fẹ́ jáde. Itọ́ ẹnu ni ìyá wọn fi lẹ̀ ẹ́, tó tún fi eruku igi bò ó.

Aáyán kékeré, Blattella germanica, kì í fi tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ìlà dúdú méjì sì gba ojú apata ọrùn rẹ̀ lọ tààrà. Ó ní apá, kì í fò. Abo rẹ̀ ń wọ́ àpò ẹyin kiri ní ìdí títí ọjọ́ tí ọmọ 30 sí 40 inú rẹ̀ yóò fi jáde. Ibi tó bá lọ́wọ́ọ́rọ́ ló ń gbé: ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí mọ́tò ti ń kùn, inú rédíò, abẹ́ súwíìsì iná, inú aago ara ògiri pàápàá, níbi tí a ti máa ń rí i tó ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn gíláàsì, láti nọ́ńbà kan dé èkejì.

Àwọn ọ̀tá wọn kò kéré. Ọmọńlé wà lókè gílóòbù, ó lẹ̀ mọ́ àjà, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń mì lúkẹ́lúkẹ́, yóò fi ẹnu mú ọmọ aáyán kan, yóò fi gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e mì. Adìẹ tí kò jẹ́ kí aáyán jó ń dúró láàárọ̀ lẹ́nu ọ̀nà de ìgbà tí wọn yóò gbálẹ̀ síta. Agbọ́n kékeré kan tún wà, Ampulex compressa, ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé tó ń dán gbinrin, itan rẹ̀ pọ́n fòò. Yóò ta aáyán ńlá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní àyà, lẹ́ẹ̀kejì nínú orí. Yóò gé ìwo rẹ̀ sí ààbọ̀. Lẹ́yìn náà yóò di kùkùté ìwo náà mú, yóò sì máa fà á lọ sínú ihò, aáyán náà, tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tẹ̀ lé e.

Ohun tí àwa ènìyàn ń kó tì wọ́n pọ̀ ju ti agbọ́n lọ. Káńfọ̀ roboto funfun wà nínú àpótí aṣọ, ó ń rùn gan-an, ó ń joro lọ díẹ̀díẹ̀. Ìlà ṣọ́ọ̀kì funfun yí ẹsẹ̀ tábìlì ká. Aáyán tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yóò lọ tán, yóò padà wá máa ta gìrì-gìrì láàárín ilẹ̀, yóò dojú bolẹ̀, yóò dà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò máa tú afẹ́fẹ́ fìtàfìtà. Òtápíápíá inú ìgò ń pa wọ́n kíá, ó sì ń ta ènìyàn nímú àti lójú. Ọdún 2019 ni NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ní kí wọ́n yé ta ìgò kékeré mílílítà 100 DDVP, oògùn kòkòrò irú èyí tó wà nínú òtápíápíá, lọ́jà. Omi ọṣẹ kò ní òórùn burúkú: bí ó bá dà lé aáyán lára, ìfófòó rẹ̀ yóò bo ihò mẹ́wàá-mẹ́wàá tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ìjàkadì kò sì ní pẹ́.

Èyí tó dákẹ́ jù nínú gbogbo wọn ni ìyẹ̀fun bóríìkì, tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà àti ìyẹ̀fun àlìkámà díẹ̀, tí wọ́n fi sínú ìdérí ìgò, tí wọ́n tì sẹ́yìn síńkì níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé. Aáyán á wá, á fi ọwọ́ ẹnu tọ́ ọ wò, á jẹ díẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kọjá nínú rẹ̀. Ní ìkọ̀rọ̀ rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ ìmọ́tótó: ìwo la ẹnu kọjá, oríkèé tẹ̀ lé oríkèé, èékánná tẹ̀ lé èékánná, gbogbo ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ọn lára á sì di oúnjẹ. Kò ní kú lálẹ́ yẹn. Yóò kú nínú àlàfo, láàárín àwọn ẹbí, àwọn ẹbí yóò sì jẹ lára òkú rẹ̀.

Síbẹ̀, ọwọ́ tó ń da sìmẹ́ńtì ló ń gba ilé lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo ìyá onílé ní àárọ̀ Sátidé, pẹ̀lú ìró lórí bùbá, ọ̀bẹ àtijọ́ lọ́wọ́, tó ń fi sìmẹ́ńtì tútù di àlàfo ẹ̀gbẹ́ síńkì, tó ń tẹ̀ ẹ́ wọnú, tó ń fi àtàǹpàkò dán ojú rẹ̀. Wọ́n ti kó gbogbo ìkòkò síta, wọ́n ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ha ọ̀rá ara ògiri, wọ́n ti sun pálí àti ìwé ìròyìn àtijọ́, wọ́n ti da gàrí sínú ike tó ní ìdérí, wọ́n ti na nẹ́ẹ̀tì wáyà sẹ́nu ihò omi, wọ́n sì ti pààrọ̀ ráábà ẹnu ẹ̀rọ tí kò jẹ́ kí omi yé kán. Ilẹ̀kùn méje ló dojú kọ ara wọn lọ́ọ̀dẹ̀ náà, mẹ́fà ló ti ṣí. Ìyá onílé nu ọwọ́ sára ìró, ó wo ìkeje tó ṣì wà ní títì, ó sì gbé ohùn sókè:

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń sùn nínú ibẹ̀ yẹn, ẹ dìde o. Ẹni tó bá ní òun ò ní í ṣe tòun lónìí, kó yáa ṣílẹ̀kùn dáadáa, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọ́n ń kó bọ̀.”