Ìwé Ilẹ̀ Ara Ògiri

Ní Boundary ní Èkó, níbi tí Ajégúnlẹ̀ ti fara kan Àpápá, ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ògiri: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ. Ọ̀dà náà ṣàn láti ìdí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì gbẹ bí okùn tín-ín-rín kó tó kanlẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, àkọlé àtijọ́ kan ṣì hàn fírífírí: nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ kóòtù, àti ọdún tí òjò ti fọ ìdajì rẹ̀ lọ. (Nígbà tí iná jó Ilé Ẹjọ́ Gíga tó wà ní Igbosere ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìwé ẹjọ́ bá a lọ. Ọ̀dà ara ògiri kò jó.)

Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, irú ògiri bẹ́ẹ̀ ló kù tí èèyàn lè kà nípa ilẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ 23 oṣù kẹta ni ìjọba Èkó ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ìpele kìíní dé ìkejìlá jókòó sílé nítorí kòrónà. Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 ni ìsémọ́lé tẹ̀lé e.

Ní Aláùsá, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ ni wọ́n ń di ìwé àdéhùn. Nọ́ńbà, ojú ewé, ìdìpọ̀: àwọn mẹ́ta yìí ni akọ̀wé fi ń wá ilẹ̀ kan rí.

Ilẹ̀ Àpápá ti mọ ìwé tipẹ́. Nítorí rẹ̀ ni Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ṣe gbé ìjọba amúnisìn dé iwájú ilé ẹjọ́ Privy Council ní London, tí wọ́n sì dá a láre ní 1921.

Ní Ajégúnlẹ̀, inú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìwé máa ń wà, nínú náílọ́ọ̀nù dúdú tó ń dún wàràwàrà. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀kan, rìsíìtì ẹbí onílẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú ìka ọwọ́ àgbà kan tí wọ́n tẹ̀ sínú yíǹkì aláwọ̀ aró. Ìwé sọ́fé ló tẹ̀lé e. Lórí rẹ̀, ìlà pupa yí ilẹ̀ náà ká. Àmì roboto dúró ní igun kọ̀ọ̀kan fún òpó sìmẹ́ǹtì tí sọ̀fíyọ̀ rì mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọn ọ́n. Ojú ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ po ti fẹ́lẹ́, ó ti jẹ òǹkà kan.

Nígbà tí ìsémọ́lé dẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, bọ́kẹ́ẹ̀tì onítáàpù dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ọ́fíìsì, ohùn èèyàn sì ń dún bòmùbòmù nínú ìbòmú. Rìsíìtì ẹbí kò ní nọ́ńbà ìdìpọ̀ kankan tí akọ̀wé lè fi wá a. Ìwé sọ́fé nìkan ló ní àwọn òǹkà tí sọ̀fíyọ̀ lè fi wá ilẹ̀ náà lórí máàpù ìjọba, kó mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Bí òǹkà kan bá sì ti sọnù síbi ìṣẹ́po, ilé Ajégúnlẹ̀ lè bọ́ sínú omi èbúté Àpápá.