Kílò Márùn-ún Ni Mo Kọ́kọ́ Lé

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá sanra ni wọ́n ń kí pé ara tù ú. Bó bá wá ń fọn, ìbéèrè ni yóò máa bá pàdé lójú ọ̀nà: "Ṣé kò sí o? O mà ti rù!" Láti ìgbà tí mo ti ń dín ara mi kù ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ń wá ìṣírí, kó má dúró de ẹnu aráyé.

Mo wọn kílò 96 nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìgbéyàwó àbúrò mi ku oṣù méjì, a ti ra aṣọ ẹbí, mo sì ní kílò 20 gbọ́dọ̀ kúrò lára mi kó tó dọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín, ó mú bírò. Ọ̀rá kílò kan tó nǹkan bíi kálórì 7,700. Ogún rẹ̀ jẹ́ 154,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ 60, ó lé ní 2,500 lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 2,000 ni ọ̀pọ̀ obìnrin nílò lójúmọ́. Ó ní, "Àǹtí mi, bí ẹ ò bá tiẹ̀ fẹnu kan oúnjẹ títí dọjọ́ ìyàwó, kò lè pé."

Ibẹ̀ la ti fẹnu kò sí kílò 5. Bí èèyàn bá ti dín ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀, ó tó.

Mi ò lè pàṣẹ fún òṣùwọ̀n, àmọ́ mo lè pàṣẹ fún ẹsẹ̀ mi. Ohun tí mo wá ń ṣèlérí fún ara mi lọ́sẹ̀ nìyí: ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó jẹ́ ìṣẹ́jú 150, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má dín sí lọ́sẹ̀. Aládùúgbò mi kan la jọ ń rìn. Lọ́jọ́ tí ọ̀lẹ bá mú mi, òun ló ń kan ilẹ̀kùn. Mi ò pa àmàlà tì. Mo dín òkèlè kù, mo fi ẹ̀fọ́ kún un. Ṣíbí ìjẹun ni mo fi ń wọn epo báyìí, torí ṣíbí kan ṣoṣo tó nǹkan bíi kálórì 120. Bí mo bá ń lọ òde, mo máa ń jẹ mọ́ínmọ́ín nílé kí ebi má bàa bá mi débẹ̀. Bí mo bá sì jẹun jù níbẹ̀, mi ò ní febi pa ara mi lọ́jọ́ kejì. Ìrìn mi ni mo máa ń padà sí.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń dùn: òṣùwọ̀n á já wálẹ̀ wàrà. Omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Omi náà ni tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń fọ inú ń gbé jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Tó bá yá, òṣùwọ̀n á dúró gbagidi, torí bí ara ṣe ń kéré sí i ni agbára tó ń ná ń dín kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ̀rètí nù. Ní tèmi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń gorí òṣùwọ̀n, láàárọ̀, kí n tó jẹun, torí iyọ̀ àti omi nìkan lè fi kílò kan tàbí méjì kún un lóòjọ́. Mo tún ń fi téèpù àwọn télọ̀ wọn ìbàdí mi. Nígbà tí òṣùwọ̀n kọ̀ tí kò mira, téèpù ń wálẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kílò 5 kò tíì pé. Aṣọ tó bá ara mi mu ni mo wọ̀. Ó pé lẹ́yìn náà, mo sì tún yan 5 mìíràn. Ẹ̀jẹ̀ mi ti rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ dókítà ló ń sọ iye oògùn tí mo máa lò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtifọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èyí tí ọwọ́ yín tó. Bó bá pé, ẹ mú òmíràn.